Òṣìṣẹ́ Tó Mọ Ìgbà Tí Òun Máa Lọ

Bí Iléyá bá ti ku bí oṣù kan, láti Ọjà Ọba títí dé Ayétòrò, ohun kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo àwa aránṣọ ìlú Òṣogbo: "Ẹ bá mi wá jọ́nímáànù," ìyẹn ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ parí, tó ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ gbowó. A óò kọ ọ́ sí pépà, a óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. A óò pe ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, bóyá ó ní ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù. Àkókò yẹn gan-an náà sì ni àwọn tó wà nílẹ̀ máa ń lọ. Ẹni tó ti ń bá ọ rán bùbá látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ á ní orí ń fọ́ òun. Lọ́jọ́ kejì, fóònù rẹ̀ ò ní lọ mọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan á wá sọ fún ọ pé òun rí i nídìí maṣíìnì ẹlòmíì ní Òkè-Baálẹ̀. Tí a bá wá pé jọ nípàdé ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kì í yí padà: ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù, wọn ò moore, owó ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Mi ò bá wọn gbà á. Mo ti ṣe ọmọ iṣẹ́, mo ti ṣe jọ́nímáànù, mo ti wá di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá, inú ìlú yìí kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó yé mi ni pé òṣìṣẹ́ tí a kò jẹ́ kó mọ ibi tó dúró sí ló ń sá. Ó sì yé mi pé ìdí tó fi ń ṣòro fún wa láti mú òṣìṣẹ́ pẹ́ ni pé a kì í fẹ́ bá a sọ ọ̀rọ̀ lílọ rárá. A máa ń ṣe bíi pé kò ní lọ láéláé. Òun náà á ṣe bíi pé ibẹ̀ lòun máa dàgbà sí. Irọ́ tí tọ̀tún tòsì jọ gbà yìí ló máa ń tú síta lọ́sẹ̀ Iléyá.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lílọ ti wà nínú iṣẹ́ wa láti ìpìlẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá mú wá kọ́ṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá ń tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ni wọ́n ti máa kọ iye ọdún tó máa lò sí i. Ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, ẹbí á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á ya fọ́tò. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tí a ń yọ̀ fún yìí ń lọ ni, ó sì lè jẹ́ òpópónà kejì ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí. Inú wa ṣì máa ń dùn. Àmọ́ jẹ́ kí jọ́nímáànù tí à ń sanwó fún sọ pé òun fẹ́ lọ dá dúró, ojú ọ̀dàlẹ̀ la fi máa wò ó. Èmi ò rí ìyàtọ̀ nínú àwọn méjèèjì ju pé àkọ́kọ́ ní ọjọ́, èkejì kò ní.

Mo rò pé ibi tí a ti ń bọ̀ ló ṣì ń dà wá láàmú. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo. Nínú agboolé àwọn aláró ayé àtijọ́, ọmọ ló ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́, ìyàwó ilé ló ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe é. Kò sí ẹni tó ń béèrè owó oṣù, nítorí inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹ, ilé náà ló sì ń gbé ìyàwó fún ọmọ, tó ń sìnkú àgbà. Ètò tó ní ẹ̀tọ́ nínú ni. Àwa ti kúrò níbẹ̀, àmọ́ a gbé apá kan rẹ̀ dání. "Ọmọ mi ni," la máa ń sọ nípa òṣìṣẹ́. Tó bá dọ̀rọ̀ iṣẹ́ òru, ọmọ ni. Tó bá dọ̀rọ̀ owó ilé ìwòsàn, á di ọmọ ẹlòmíì.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé ìgbà wo ló fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó máa ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọmọbìnrin tó ń bá mi gé aṣọ báyìí, bó ṣe dáhùn lọ́jọ́ yẹn ni pé, "Háà, Àǹtí, mi ò ní in lọ́kàn o. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ wà."

Mo ní, "Kò burú. Màmá yín ńkọ́? Tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún ọ láàárọ̀, kí ni wọ́n máa ń sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní mo máa di ọ̀gá."

"Àmín. Jẹ́ ká wá jọ mọ ìgbà tó máa jẹ́."

Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ tẹ̀ lé ìyẹn ni gbogbo nǹkan. Ó ní rírán lòun mọ̀ dáadáa, gígé ò tíì dá òun lójú, pàápàá léèsì olówó ńlá tí ẹni tó ni ín kò ní rí òmíràn rà. Ó ní òun kò ní maṣíìnì. Ẹni tí kò lè gé aṣọ, tí kò ní maṣíìnì, ṣọ́ọ̀bù tó bá ṣí lónìí, ebi ló máa pa á níbẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A jọ dá ọdún tó máa lọ. Mo ní màá kọ́ ọ ní gígé dé ojú ẹ̀, òun ní òun ò ní fi mí sílẹ̀ lójijì nínú oṣù ọdún. Ó ń dá àjọ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún maṣíìnì, mò ń fi díẹ̀ kún un láti àpò ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní mo ń fowó mi ra ẹni tó máa bá mi dupò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ohun tí mò ń fi kún àjọ rẹ̀ lọ́dún kò tó ohun tí ẹnì kan máa ń pàdánù lọ́sẹ̀ kan tí agéṣọ bá sá lọ níwájú Iléyá, ká má tíì sọ ti aṣọ tí ẹlòmíì gé bàjẹ́.

Owó wá ńkọ́? Mi ò ní ṣe bíi pé owó kọ́ ni. Owó ni. Àmọ́ ọjọ́ owó ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ, bí ìlú kan bá sì wà tó yẹ kó mọ èyí, Òṣogbo ni. Láti 1991 tí ìlú yìí ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń gbé ọjà wa ró. Ní 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìrí owó gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń san ààbọ̀ fún àwọn ipele òkè àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún àwọn tó wà láàárín, àwọn ipele ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbà á pé. Títí di 2018 ni. Gbogbo ẹni tó ń tajà nílùú yìí nígbà náà ló mọ bó ṣe rí. Ohun tó ń pa àwọn èèyàn ju kíkéré owó náà lọ ni pé kò sí ẹni tó lè dá ọjọ́. O ò lè bá onílé sọ̀rọ̀. O ò lè bá oníléèwé ọmọ sọ̀rọ̀. Ìyà yìí gan-an ni à ń fi jẹ jọ́nímáànù wa tí a bá ní, "Ní sùúrù, Ìyá Ìyàwó ò tíì wá kó aṣọ wọn." Kí ló kan òṣìṣẹ́ kan Ìyá Ìyàwó? Èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìyàwó. Òṣìṣẹ́ ti rán tirẹ̀ parí.

Lọ́dọ̀ mi, ọjọ́ kan wà lóṣù tí owó gbọ́dọ̀ jáde, bóyá aṣọ ti lọ o, bóyá kò tíì lọ o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ, tí mo sì ń ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ kí n tó ra òwú. Àwọn oníbàárà kan wà tó bínú lọ nítorí àsansílẹ̀ yìí. Wọ́n lọ ni.

Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 láti ₦30,000. Òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ àwọn tó ń gbowó lórí iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀. Nídìí èyí, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò kan ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kankan tí mo mọ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó yọ òṣìṣẹ́ wa sílẹ̀ tó bá dọ́jà. Iye tí olówó oṣù ń ra gààrí lòun náà ń rà á. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróò ní oṣù Karùn-ún 2023, ọkọ̀ èrò Kọ̀rọ̀pe tó ń gbé e wá síbi iṣẹ́ ò bi í bóyá ṣọ́ọ̀bù kékeré ló ń lọ. Ọ̀gá tí kò bá ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ owó tó ń san kò mọ iye tó ń san.

Ọ̀nà tí à ń gbà sanwó náà tún wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sanwó lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó sì dára nítorí pé ọwọ́ tó bá yá á rí i jẹ. Àbùkù rẹ̀ ni iná. Bí iná kò bá sí, tí ọ̀gá kò sì ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń gbowó lórí aṣọ á jókòó láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìrí kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti wọkọ̀ wá, ó sì máa wọkọ̀ padà. Àìsíná tó jẹ́ wàhálà ṣọ́ọ̀bù ti di gbèsè tirẹ̀ nìyẹn. Bí oníbàárà kò bá wá náà, bákan náà ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi owó ìpìlẹ̀ kan sílẹ̀ lóṣù, èyí tó gbé owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, kí n tó wá ka aṣọ lé e lórí. Mi ò sọ pé ó rọrùn. Àwọn oṣù tí iṣẹ́ kì í sí, ó máa ń dùn mí lápò. Àmọ́ àwọn oṣù yẹn gan-an ni òṣìṣẹ́ máa ń wá ibòmíì lọ.

Ohun kan wà tó máa ń bà mí nínú jẹ́ gidi. Àwọn ọ̀gá kan máa ń mú owó oṣù àkọ́kọ́ òṣìṣẹ́ pamọ́ "kó má baà sá". Àwọn mìíràn máa ń yá a lówó, wọ́n á sì jẹ́ kí gbèsè náà pọ̀ kọjá ohun tó lè san, wọ́n ní ìyẹn ló máa dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan yìí lórúkọ rẹ̀. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá jẹ gbèsè á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kì í dín gbèsè náà kù, èlé owó ni iṣẹ́ náà jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá san owó náà pé nìkan ló tó dòmìnira. Ẹni tó bá fi gbèsè de òṣìṣẹ́ mọ́ ìdí maṣíìnì kò rí òṣìṣẹ́ kankan dá dúró, ìwọ̀fà ló ní. Ìwọ̀fà kì í sì í fi ọkàn rẹ̀ rán aṣọ.

Ti aṣọ tó bá bàjẹ́ náà wà níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù jó léèsì, ọ̀gá yọ ọ́ nínú owó ọmọ ọlọ́mọ, ó parí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fún wa láyè bẹ́ẹ̀. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ ni, tàbí pé kò bìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ kọ́bọ̀. Òfin kan náà tún sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ èyí rí, torí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó ń lé òṣìṣẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, mi ò ní mú owó. Iṣẹ́ tí ọ̀gá gbà ju agbára lọ ni màá mú. Oníbàárà dé pẹ̀lú aṣọ ẹbí èèyàn ogún, ọ̀gá ní kò sí wàhálà. Òmíràn dé, kò sí wàhálà. Kò gbà á pé òun ò lè ṣe é, nítorí àsansílẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ta ló máa wá fi òru san án? Àwọn tó jókòó sídìí maṣíìnì ni. Wọ́n á sùn sí ṣọ́ọ̀bù, ojú wọn á pọ́n, apá aṣọ ọ̀tún á di ti òsì. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá dé tí aṣọ kò tíì ṣe tán, ọ̀gá á kọjú sí òṣìṣẹ́ níwájú rẹ̀: "Ṣé o rí ohun tí o ṣe fún mi?" Oníbàárà á mi orí, á bá ọ̀gá kẹ́dùn. Òṣìṣẹ́ yẹn mọ ẹni tó gba iṣẹ́ náà, ó sì mọ ẹni tó dá ọjọ́ fún oníbàárà. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ni à ń yọ síra wa lójoojúmọ́, a wá ń ṣe hàà pé ẹnì kan sá lọ.

Ẹ tún rántí pé àwọn tó ń rán aṣọ ọdún náà ní ọdún láti ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa nílùú yìí jẹ́ Mùsùlùmí. Òṣìṣẹ́ tó bá rán aṣọ Yídì fún gbogbo àdúgbò, tí kò sì ráyè rán ti ọmọ tirẹ̀, kí ni a fẹ́ kó máa rò nípa wa?

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì gígé lọ́dọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, iye aṣọ tí ọwọ́ wa lè ká lọ́sẹ̀ náà ló sì wà lórí ojú ewé yẹn. Èmi kọ́ ni mo dá a, àwọn tó ń rán an ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọbìnrin agéṣọ yẹn ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún mi níwájú oníbàárà pé, "Àǹtí, ọ̀sẹ̀ yìí ti kún," mi ò sì ní bá a wí. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti ṣe yí ìwà gbogbo wọn padà sí iṣẹ́. Aṣọ tí àwọn fúnra wọn sọ pé àwọn lè rán, wọn kì í fẹ́ kó kùnà.

Ti àkókò tí iṣẹ́ bá wá ya wọlé jù, àáró la padà sí. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó jẹ́ pé yúnífọ́ọ̀mù iléèwé ni wọ́n ń rán. Oṣù Kẹsàn-án tí àwọn ọmọ ń wọlé ni ọwọ́ wọn máa ń dí, nígbà yẹn Iléyá ti lọ, iṣẹ́ ọdún Ọ̀ṣun ti oṣù Kẹjọ náà ti parí, ọwọ́ tiwa ti dilẹ̀. Tí tiwa bá dé, wọ́n á yá wa ní èèyàn méjì. Tí tiwọn bá dé, àwọn tiwa á lọ. Ẹni tó bá lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ bá ló ti máa gbowó, iye kan náà tí à ń san nílé. Báwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn kí a tó bí wa. Èrè tí mi ò ronú kàn nínú rẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ náà ń kọ́ iṣẹ́ tuntun níbẹ̀, oṣù tí wọn ì bá fi jókòó sì ń mówó wọlé fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn kò gùn. Òfin ní kí a fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àdéhùn rẹ̀ kó tó pé oṣù 3 tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kan tó: owó, ọjọ́ owó, ìsinmi, bí a ó ṣe yà. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kí ẹnì kan tó fi ẹnì kejì sílẹ̀, òfin ti là á: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì kọjá oṣù 3, ọ̀sẹ̀ 1 tí kò bá tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 láàárín ọdún 2 sí 5, oṣù 1 láti ọdún 5 lọ sókè. Tọ̀tún tòsì ló dè. Èmi náà kò lè jí lọ́jọ́ kan kí n ní, "Máa lọ." Òṣìṣẹ́ tó bá rí i pé ìwé náà de ọ̀gá ló máa ń jẹ́ kó de òun.

Ti oyún àti ìkókó, òfin dá ọ̀sẹ̀ 12, 6 ṣáájú, 6 lẹ́yìn, pẹ̀lú ó kéré tán ààbọ̀ owó fún ẹni tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré á ní òun ò lè ru ú. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀díẹ̀ sọ́tọ̀ látọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ fún mi. Wọ́n sì máa ń tètè sọ fún mi, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀rù tó kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ti oníbàárà: pé ẹni tó bá lọ á kó wọn lọ. Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń dunni. Àmọ́ ẹni tó sá lọ ló ń jí nọ́ńbà kọ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí a jọ dá ọjọ́ fún lè bá mi sọ ọ́ lójú.

Ọmọbìnrin agéṣọ mi ń lọ lẹ́yìn Iléyá tó ń bọ̀. Ọ̀fàtẹ̀dó ló ń wò, nítorí owó ṣọ́ọ̀bù ò tíì ga jù níbẹ̀, ilé tuntun sì ń pọ̀ sí i. Àwọn oníbàárà mi tó ń gbé ní apá ibẹ̀, mo ti sọ fún un pé màá fi wọ́n mọ̀ ọ́n fúnra mi. Òun náà ti ń kọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e ní gígé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, léèsì nìkan ni kò tíì fi lé e lọ́wọ́. Ohun tó kù láàárín wa ni maṣíìnì indọ́sítríà tó ń lò. Ó fẹ́ fi owó àjọ rẹ̀ rà á dípò tuntun, ó ní ọwọ́ òun ti mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò tíì mọ iye tí màá pè é tí kò ní pa á lára, tí mo ṣì máa lè fi rọ́pò rẹ̀. A ti fi í sí ọjọ́ owó oṣù yìí, kí a jọ ṣírò rẹ̀ pọ̀.